Ìyá Tí Mo Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún ní Takie Láìmọ̀

Òórùn ẹní rọ́bà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó ń rùn bíi táyà tuntun, tí èèyàn bá sì dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, tí olùkọ́ ní kó mí kanlẹ̀, òórùn táyà yẹn náà ni yóò máa mí sínú títí wọn yóò fi ní kó dìde. Èmi rèé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní ibi tí odò Ọya ti ṣàn wá àti ibi tó ń ṣàn lọ, mo wá nà gbalaja sílẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn aláṣọ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wọ ṣòkòtò eré ìdárayá tí ọmọ mi obìnrin rà fún mi, tó fún mi pinpin, mo sì ń bi ara mi pé irú ìrìnàjò wo ni mo rìn láti Ọ̀yọ́ yìí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, n kò lè wọ yàrá wa lọ sùn mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì sọ àga onítìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ di ibùsùn. Bí aládùúgbò bá rí ìrọ̀rí níbẹ̀, mo ní nítorí atẹ́gùn ni. Bí àlejò tí kò gbọ́ nípa ikú rẹ̀ bá sì bèèrè pé, "Màdáámù ńkọ́?" mo máa ń dáhùn pé, "Kò sí nílé." Irọ́ kọ́, mo ń sọ fún ara mi, kò sí nílé lóòótọ́. Inú mi tilẹ̀ máa ń dùn díẹ̀ pé gbólóhùn náà péye. Wọn á ní kí n bá wọn kí i tó bá dé, èmi á ní mo ti gbọ́. N kò sunkún. Níbi ìsìnkú pàápàá, èmi ni mo ń bá àwọn tó gbé àga wá jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n tò ó.

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ló tú àṣírí mi. Ó wá kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá mi lórí àga, ọrùn mi wọ́ sápá kan bíi ti adìẹ tó ń tẹ́tí sílẹ̀.

"Dádì, orí àga lẹ ń sùn?"

"Ó rọ̀ mí lọ́rùn."

"Ọrùn wo? Èyí tó ti wọ́ yìí?"

Kò bá mi jà. Nọ́ọ̀sì kì í bá aláìsàn jà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló máa ń sọ. Ó ní bí n kò bá padà sórí bẹ́ẹ̀dì mi kí ọdún tó parí, a ó ti ilé náà pa, n ó sì wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ilé tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ kọ́ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, tí obìnrin náà fi orí ara rẹ̀ ru omi tí a fi po sìmẹ́ǹtì. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ-ọmọ mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ lo ìyókù ayé mi níwájú tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ẹranko aláwọ̀ mèremère ti ń kọrin láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Níkẹyìn, ó ní òun yóò fún mi láyè bí mo bá lè máa wá sí kíláàsì yógà kan ní Takie ní gbogbo Sátidé, pé wọ́n ń fi í wo ọkàn sàn.

"Ọkàn mi ò ṣàìsàn," mo ní.

"Ẹ gbé ọrùn yín dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ tún un sọ."

N kò lè gbé e. Bí mo ṣe di ọmọ kíláàsì nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ wa ti kọ́ yógà níbi tó ti lọ kàwé lókè òkun, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ. Kò lè pàṣẹ fún àgbàlagbà. Yóò ní kí àwọn yòókù gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, wọn yóò gbé e, ìgbà náà ni yóò wá yíjú sí mi, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá wa gbé ẹsẹ̀ yín kan sókè, èyí tó bá wù yín, ẹ ṣeun, sà." Kó tó bẹ̀ mí tán, ẹsẹ̀ àwọn yòókù ti ń gbọ̀n. Télọ̀ kan wà láàárín wa, ọkùnrin oníkùn ńlá tí dókítà ní kó máa wá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣubú. "Bàbá, ẹ bá wa gbé e kíá," yóò máa ké, "tiwa ti fẹ́ já o!"

Tí a bá ti na apá na ẹsẹ̀ tán, a ó jókòó, a ó di ojú. Olùkọ́ yóò wá máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé kí a wọ inú ara wa lọ, kí a wá ẹni tí a jẹ́ gan-an, ẹni tí ìbànújẹ́ àti àṣejù ayé ti bò mọ́lẹ̀.

"Ibo lẹ dé báyìí, sà?" ó bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Takie," mo ní. "N kò tíì kúrò."

Mo gbọ́ tí télọ̀ ń fi ẹní pa ẹ̀rín mọ́nu. Ó tún ní kí oníkálùkù sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ó má fi ohunkóhun pa mọ́. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní òun dúpẹ́. Télọ̀ ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà ní mo dúpẹ́. Olùkọ́ wò wá títí, ó mí kanlẹ̀. Kò sí ohunkóhun tó ń ṣe ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́.

Wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a dé orí èyí tí wọ́n ń pè ní ejò. Èèyàn yóò dojú bolẹ̀, àyà rẹ̀ yóò kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, tí yóò gbé orí àti àyà sókè bí ejò tó fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀. Nítorí ọjọ́ orí mi, wọ́n ti ní n kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn àwọn ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ ni wọ́n tẹ́ ẹní mi sí, mo dojú kọ gbogbo kíláàsì bí alága. Bí àyà mi ṣe kan ilẹ̀ báyìí, télọ̀ fò sókè.

"Háà! Bàbá ń dọ̀bálẹ̀ fún wa!"

Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ wìrìwìrì. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbé orí ejò mi sókè, gbogbo kíláàsì ti lọ sílẹ̀ jù mí lọ.

"Ẹ dìde, bàbá! Ẹ má ké ẹ̀mí wa kúrú!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde," mo ní.

"A ò lè dìde tẹ́ ẹ bá wà nílẹ̀, sà!"

Èmi náà kò sì lè dìde, nítorí ẹ̀yìn mi ti gan. A wà bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ń bẹ ara wa, títí ẹnì kan fi wá fà mí lápá jókòó.

Olùkọ́ lo ọgbọ́n. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ẹní mi lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí a máa ń ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, ó ní kí n dojú kọ ìta. Ó ní bí mo bá ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yìnkùlé, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ó dára lójú mi. Mo bọ́ awò ojú mi, nítorí ó máa ń já bọ́. Láìsí awò, ojú mi kò ríran kọjá ìka ọwọ́ mi. Bí ìgbà tí omi dà sórí ìwé ni ayé máa ń rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí lọ́ọ̀ọ́kán ni nǹkan ribiti kan, búlúù. Mo gbà pé dúrọ́ọ̀mù omi ni.

"Ẹ wá nǹkan kan tójú yín á dúró lé, sà," olùkọ́ ké láti ìwájú. "Ẹ wò ó jẹ́jẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Kí ara yín rí i pé ẹ ti túra ká."

Mo yan dúrọ́ọ̀mù náà. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Sátidé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo gbórí sókè, mo wò ó jẹ́jẹ́, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo mí kanlẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Kí n sòótọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Kò bi mí ní ohunkóhun, kò sì káàánú mi. Lọ́jọ́ kan, ó ṣe mí bíi pé ó wúkọ́. Mo rò pé ọkàn mi ló ti ń là.

Ní Sátidé kan, bí a ṣe ń ká ẹní wa, ọkùnrin kan gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà wọlé. Ó wọ agbádá ní ọ̀sán gangan, ó sì dé fìlà gúnrégé bí ẹni tí ẹbí rán níṣẹ́. Ó wò yíká, ó tọ́ka sí mi.

"Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n yín wo?"

"Èyí tó máa ń jókòó ní ẹ̀yìnkùlé wa, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹbí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín. Àwọn kan ní bóyá ẹ ṣẹ̀ ẹ́ nígbà èwe, pé ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé wa ní ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín báyẹn." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Opó ni ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́ ẹ bá ní nǹkan lọ́kàn, iwájú ilé ni wọ́n ń gbà wá o. Wọn kì í gba ẹ̀yìnkùlé fẹ́ obìnrin nílé tiwa."

Mo wá awò mi, mo fi sójú. Dúrọ́ọ̀mù mi ti dìde dúró, ó káwọ́ lérí igbá àyà rẹ̀: obìnrin àgbà kan tó sanra, tó ró ìró búlúù, tó wé gèlè tuntun, tó sì ń wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé.

"Bàbá o!" télọ̀ ní. "Ejò lẹ pè é fún wa!"

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Dádì, yógà ni mo ní kẹ́ ẹ lọ ṣe!"

"Yógà náà ni mo ṣe."

"Pẹ̀lú ẹ̀rín?"

"Olùkọ́ ló ní kí n rẹ́rìn-ín."

Ó hàn pé ó yẹ kí n lọ ṣàlàyé fún ẹbí náà, ibẹ̀ ni a sì tún ti ṣe àṣìṣe mìíràn. A kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí náà ọmọ mi ra ọsàn, búrẹ́dì àti páálí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan. N kò lè dá lọ, nítorí náà olùkọ́ tẹ̀ lé wa láti jẹ́rìí sí i pé yógà wà lóòótọ́. Télọ̀ ní òun kò lè jẹ́ kí bàbá òun lọ láìsí ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ léèsì. Nígbà tí a fi gba iwájú ilé wọlé ní ìtò-ìtò, kò sí ẹni tó rí wa tí kò ní sọ pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ la wá ṣe. Obìnrin kan nínú ilé tilẹ̀ ti dá orin ìyàwó. Mo ti pinnu pé àyà mi kò tún ní kan ilẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni mọ́, mo dúró bí òpó iná, mo kí wọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Kò tíì dàna, ó ti ń gbéraga."

Àbúrò ìyá náà, ọkùnrin alágbádá yẹn, bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó bèèrè ìlú mi, mo ní Ọ̀yọ́, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó bèèrè iṣẹ́ mi, mo sọ. Ó wá ní, "Ìyàwó ńkọ́?"

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú. "Kò sí nílé."

Ọmọ mi wolẹ̀. Àwọn obìnrin wo ara wọn: bàbá yìí tilẹ̀ níyàwó! Ìyá àgbà náà na ọrùn síwájú.

"Níbo ni wọ́n lọ?"

Ìbéèrè náà kò le. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì bi mí rí. Àwọn tó mọ̀ kò lè bèèrè. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń gba ìdáhùn mi, wọn á sì bá tiwọn lọ. Mo wá ọ̀rọ̀ tó yẹ ọmọwé. Mo fẹ́ ní ó ti papòdà, mo fẹ́ ní ó ti sùn nínú Olúwa. Èyí tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó kú. Ìyàwó mi kú." Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi, mo sì bú sẹ́kún, níwájú ọsàn, níwájú búrẹ́dì, níwájú télọ̀ tó wọ léèsì. N kò sunkún bí àgbà. Mo sunkún bí ọmọdé tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí la ṣe fún wọn?" àbúrò ìyá ń bèèrè. "Ẹ gbà wá o, kí la sọ?" Télọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ìyàwó mi rí.

Ọmọ mi na ọwọ́ sí mi, ìyá àgbà náà sì dá a dúró. "Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ jẹ búrẹ́dì níta."

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tó máa ń jókòó gan-an, ó gbé àwo ẹ̀wà àti ìkòkò sáàárín wa, ó ní kí n máa bá òun ṣà á bí mo ṣe ń sunkún. Ó bi mí pé irú èèyàn wo ni ìyàwó mi. Mo sọ. Mo ní ó máa ń bá rédíò jiyàn, tí ìròyìn bá sì parí, yóò yíjú sí mi kí èmi dáhùn fún wọn. Mo ní kò mọ orin kọ, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un. Mo ní tó bá ń bínú sí mi, yóò gbọ́únjẹ tó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ pàdánù. Èmi tí mo ti dákẹ́ láti ìgbà ìsìnkú, n kò mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá," ìyá àgbà ní, "òkúta lẹ ń kó sínú ìkòkò mi. Ẹ̀wà gidi lẹ sì ń dà nù."

"Ẹ má bínú. Omi ló bo awò mi."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń wò ó pé orí ló kó mi yọ tẹ́ ẹ ò fẹ́ mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mo sì ti ra gèlè o! Gbogbo Sátidé ni mo ń wé e jókòó síbí. Àwọn ìyàwó ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹ ò tiẹ̀ rí mi rárá ni?"

"Dúrọ́ọ̀mù omi ni mo pè yín."

"Dúrọ́ọ̀mù!" Ó pariwo débi pé àbúrò rẹ̀ sáré wá. Àwo ẹ̀wà dànù. A rẹ́rìn-ín títí tí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ ẹkún mọ́ nínú omi tó wà lójú mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sí Ọ̀yọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá wa. Inú rẹ̀ gbóná, eruku ti bo nǹkan gbogbo, ìró ìyàwó mi kan ṣì wà lórí àga bó ṣe fi í sílẹ̀. N kò ká a. Mo ṣí fèrèsé, mo fa fóòmù jáde, mo gbé e sóòrùn. Ààfáà àdúgbò wa ń kọjá lọ.

"Bàbá, ṣé àlejò ń bọ̀ ni?"

"Èmi ni àlejò náà," mo ní.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ ìkẹ́rù mọ́, mo sì ṣì ń wọkọ̀ lọ sí Takie ní Sátidé, ó kéré tán kí n lè kí ìyá àgbà náà láti iwájú ilé. N kò lè sọ pé yógà ló wò mí sàn, n kò sì lè sọ pé òun kọ́. Bí mo bá rántí ọkùnrin ọlọ́rùn wíwọ́ yẹn, tó rò pé a lè to ìbànújẹ́ bí a ṣe ń to àga, mo máa ń rẹ́rìn-ín rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í bá a wí. Olùkọ́ wa ní mo ti rí ara mi. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo rí kò ní ohun àrà kan lára: àgbàlagbà kan tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ tèmi ni mo ń sùn sí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣì jẹ́ tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo na ẹsẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀, mo sì rí i pé aṣọ ibẹ̀ tutù nini. N kò fà á padà. Mo fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi lọ́wọ́ọ́rọ́.